Ojú Ìwé Kẹsàn-án

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ọ̀gbẹ́ni Elwood Tasker fi pe Verna Stoddard ní Míìsì Stoddard. Ogun ńlá parí, Ààrẹ mẹ́ta wọlé, mẹ́ta jáde, wọ́n kó ọ́fíìsì wọn láti òpópónà kan sí òmíràn ní Washington, Míìsì Stoddard náà ló ń jẹ́. Nítorí náà, nígbà tó fóònù sí i nílé láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 1961, tó ní, "Verna, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè sáré yọjú sí ọ́fíìsì?", ara fu Verna. Ẹni tí kì í fún ọ ní àga, tó wá fa àga kalẹ̀ fún ọ lójijì, yẹ àga náà wò dáadáa kó o tó jókòó.

Ìyẹ̀fun páì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Lowell ń bọ̀ wá jẹun lọ́jọ́ kejì, páì lẹ́mọ́ọ̀nù sì ni oúnjẹ tó lè mú ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Verna fi aṣọ bo ìyẹ̀fun, ó fọwọ́, ó dé àkẹtẹ̀, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì.

Lowell kì í ṣe ọmọ tó bí. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Verna sì tọ́ ọ láìní ọkọ, láìní ìrànlọ́wọ́, pẹ̀lú owó oṣù atẹ̀wé. Ní báyìí, ó ti di ọkùnrin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, awakọ̀ òfuurufú ọmọ ogun ojú omi, tó ń dán ọkọ̀ tuntun wò kí àwọn tó kù tó gùn ún. Lẹ́tà rẹ̀ tó dé lọ́jọ́ Ajé wà nínú àpò Verna. Ó ti kà á tó ìgbà mẹ́jọ. "Àǹtí Verna," ni Lowell kọ, "ìròyìn ń lọ láàárín wa pé ìjọba fẹ́ rán èèyàn lọ sí òṣùpá. Fọ́ọ̀mù ti dé fún àwọn tó bá fẹ́. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ àwọn tó ń pinnu ẹ̀. Mo máa wá lọ́jọ́ Àìkú. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má fọwọ́ sí i, mi ò ní fọwọ́ sí i."

Ohun tó sì ń dun Verna nínú ni pé ó ní èsì. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù Kẹta, Tasker, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba ìjọba nímọ̀ràn lórí àwọn ohun ńlá tí wọ́n fẹ́ ṣe, kọ ìwé olójú mọ́kànlá. Ó ní ẹ̀rọ lásán lè lọ wo òṣùpá, kó ya àwòrán, kó bu erùpẹ̀ bọ̀, láìsí pé ọmọ ẹnikẹ́ni wà nínú rẹ̀. Ní ojú ìwé kẹsàn-án, ó ní bí ìjọba bá dá ọjọ́ fún ìrìn náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń sáré bá ọjọ́ náà, ó kéré tán, ikọ̀ awakọ̀ kan á ṣègbé kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan òṣùpá. Kò sẹ́ni tó bìkítà fún ìwé náà nígbà yẹn. Ó wọ fáìlì, ó sùn síbẹ̀. Ìgbà tó di oṣù Kẹrin ni ará Rọ́ṣíà kan yí ayé po lókè, tó sọ̀ kalẹ̀ láàyè, gbogbo Washington sì dà bí ilé tí olè jà. Lánàá Ẹtì ni àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ju èèyàn tiwọn sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn èèyàn sì ń sunkún ayọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣọ̀n. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ni Verna ń rò nínú bọ́ọ̀sì. Kò gbà pé ìpè òwúrọ̀ yìí dá wà lọ́tọ̀.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó bá ọkùnrin kan tó jókòó sórí tábìlì rẹ̀. Orí tábìlì, kì í ṣe orí àga. Ó ti ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìdí rẹ̀ lè rí àyè.

"Ìwọ ni Verna," ni ọkùnrin náà wí. Corliss ni orúkọ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba lókè ni wọ́n ti rán an wá, kò tíì pé ogójì ọdún. "Elwood ní kò sẹ́ni tó yára tó ẹ. Mú ìwé ẹ, a fẹ́ kọ nǹkan."

Tasker, tó fi ọdún mẹ́wàá ju Corliss lọ, dúró létí fèrèsé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Kò wo ojú Verna. Verna jókòó, ó ṣí ìwé, ó gbé pẹ́ńsùlù.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìdí," ni Corliss wí. "Kí ló dé tá a fi ń lọ sí òṣùpá? Elwood, ìwọ lo mọ̀wé."

"Ìmọ̀," ni Tasker dáhùn. "Ká mọ ohun tí òṣùpá jẹ́, àti bó ṣe dé ibẹ̀."

"Fi ìyẹn ṣe ìkẹrin. Kò sí aṣòfin tó máa dìbò fún òkúta."

"Àwọn ará Rọ́ṣíà ńkọ́?"

"Ìkíní nìyẹn, ṣùgbọ́n má dárúkọ wọn. Kọ 'àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.' Gbogbo ayé á mọ ẹni tá à ń bá wí."

"Ẹ fẹ́ kí n fi ilé iṣẹ́ sí i? Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù?"

"Ìkejì. Aṣòfin tá a bá kọ́ ilé iṣẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa gbé àkàbà òṣùpá wá. Fi àlàáfíà ṣe ìkẹta. Ìkarùn-ún, kọ pé ẹ̀dá èèyàn fẹ́ràn láti mọ ohun tó wà lẹ́yìn òkè. Ìyẹn dùn létí."

Pẹ́ńsùlù Verna ń sáré. Tasker yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Kí ló dé tó jẹ́ òṣùpá? Kí ló dé tí kì í ṣe ká kọ́ ilé kan sí òfuurufú, nítòsí ayé níbí?"

"Torí pé nínú gbogbo ìyókù, wọ́n ti ṣíwájú wa," ni Corliss wí, ó sì ń yẹ èékánná rẹ̀ wò. "Òṣùpá jìnnà débi pé àwa àti wọn jọ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ibẹ̀ nìkan la ti lè borí wọn. A ti fi gbogbo oṣù tó kọjá wá ohun tá a lè fi borí wọn, òun sì nìyẹn."

"Ìyẹn gan-an ni ìdí," ni Tasker wí jẹ́jẹ́.

"Ìyẹn gan-an la ò ní kọ."

Verna gbójú sókè. "Ṣé wọ́n ti pinnu ni, sà?"

Corliss rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìdí la ṣì ń wá."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Verna ti tẹ ìwé ìjọba pẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹni tí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni í mú wá. Ẹni tó bá to márùn-ún sílẹ̀, tó ń fi ìkẹrin ṣe ìkíní, tó ń fi ìkíní ṣe ìkejì, onítọ̀hún ti ra ẹṣin tán kó tó wá ibi tó ń lọ. Kò sọ ọ́ jáde. Ó tẹ ìwé tuntun náà, ó mọ́, kò ní àṣìṣe kan, wọ́n sì dá ọjọ́ sí i: kí ọdún mẹ́wàá yìí tó parí.

Ó rò pé ó tán. Ó ti ń wá àkẹtẹ̀ rẹ̀ nígbà tí Corliss fa ìwé mìíràn yọ nínú àpò. Ìwé oṣù Kẹta ni. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa yí gbólóhùn kan ká ní ojú ìwé kẹsàn-án.

"Èyí ò bá tuntun mu," ni Corliss wí. "Mo fẹ́ fóònù. Elwood, bá a sọ̀rọ̀." Ó sì jáde.

Tasker fi ìwé náà síwájú Verna bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ gbólóhùn mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: *A gbà pé ewu tó wà níbẹ̀ kò kọjá ohun tí a lè kápá.*

"Ẹ bá mi tún ojú ìwé yìí tẹ̀, Verna. Ọjọ́ kan náà, oṣù Kẹta. Ẹ wá kó gbogbo ẹ̀dà tó wà nínú fáìlì síta kí wọ́n lè dáná sun ún."

"Ṣé gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, irọ́ ni, sà?"

"Rárá."

"Ẹ ti tún un ṣírò?"

"Mi ò tún un ṣírò."

"Kí ló wá yí padà?"

"Oṣù Kẹta la wà nígbà yẹn, Verna. Oṣù Karùn-ún la wà báyìí." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rò pé mo jókòó kọ ìdí sílẹ̀ kí n tó fẹ́ Margaret? Mo pinnu ná. Ìdí tẹ̀ lé mi bọ̀ lẹ́yìn. Bí ìjọba náà ṣe ń ṣe nìyẹn, àfi pé ìgbéyàwó tiwọn ń náni lówó ju tèmi lọ. Tí mo bá kọ̀, wọ́n á ti yàrá yìí pa, èèyàn mẹ́fà á lọ sílé, wọ́n á sì ṣì lọ sí òṣùpá."

Inú bí Verna sí i, ó sì tún káàánú rẹ̀, èyí tó tún mú kí inú bí i gan-an. Ó fi ìwé funfun sínú ẹ̀rọ, kábọ́ọ̀nù méjì, bébà dúdú tó ń ya ẹ̀dà, àti ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ ojú ìwé kẹsàn-án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbólóhùn náà kò gbà ju ìlà kan lọ. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Gbogbo atẹ̀wé ìjọba ló ń ṣe é. Ní igun ìsàlẹ̀, wọ́n á fi lẹ́tà ńlá kọ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, wọ́n á fi kékeré kọ ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́: *ET:vs*. Bó bá sì jẹ́ àtúntẹ̀ ni, ọjọ́ tí wọ́n tún un tẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti mọ́ Verna lára débi pé nígbà tí Lowell wà ní ilé ìwé, bí ara ọmọ náà ò bá yá, tí Verna bá kọ̀wé sí tíṣà, *vs* á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tíṣà ń fi Lowell ṣe yẹ̀yẹ́ pé àǹtí rẹ̀ kì í ṣe èèyàn, ọ́fíìsì ni.

Nítorí náà, ojú ìwé tó yẹ kó jẹ́ ti oṣù Kẹta ní *vs* nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tasker kì í wo ibẹ̀. Àwọn ọ̀gá kì í wo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Corliss tó wọlé padà gba ìwé náà, ìsàlẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wò.

"Kí lèyí?"

"Òfin wa nìyẹn, sà. Ojú ìwé tá a bá tún tẹ̀, a máa ń fi ọjọ́ sí i."

"Yọ ọ́."

Verna wo Tasker. Tasker wo bàtà rẹ̀.

Corliss tún gun orí tábìlì, ó rọ ohùn rẹ̀. "Mo gbọ́ pé ọmọ kan wà tó o tọ́. Awakọ̀ ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá."

Verna kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ Lowell nínú ilé yìí láti ọjọ́ Ajé. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bí ò bá nídìí, ọkùnrin bíi Corliss kì í béèrè ọmọ atẹ̀wé.

"Ó wà dáadáa, sà."

"Irú wọn la fẹ́. Orúkọ pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó bá ní olùrànlọ́wọ́ máa ń tètè dé òkè."

Ojúrere ni Corliss ka ọ̀rọ̀ náà sí. Létí Verna, ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ẹran han ajá. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi ìwé ọmọ òun sísàlẹ̀ pátápátá, kí eku jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé bóun bá kọ̀, wọ́n á fi ìyà rẹ̀ jẹ Lowell níbòmíràn, lórí ọkọ̀ tí kò yẹ kó gùn. Ó tún fi ìwé mìíràn sínú ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìsàlẹ̀, ó tẹ *vs*, ó sì fi agbára dá ìka rẹ̀ dúró.

Wọ́n kó ẹ̀dà àtijọ́ sínú àpò ìwé tí wọ́n fẹ́ dáná sun, àtúntẹ̀ tí Corliss kọ̀ àti kábọ́ọ̀nù rẹ̀ tẹ̀ lé e. Verna ló so ẹnu àpò náà.

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn?" ni Corliss béèrè.

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló rántí. Ní oṣù Kẹta, Tasker ti yí ojú ìwé kẹsàn-án padà nígbà tí iṣẹ́ ti tán, Verna sì ti lo kábọ́ọ̀nù tuntun torí ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn. Ó ṣe é láàánú láti jù ú nù. Ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ pé òun á tún fi ṣiṣẹ́, kò sì tíì kàn án. Kábọ́ọ̀nù tí wọ́n bá lò lẹ́ẹ̀kan, bí èèyàn bá gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ á yọ ketekete. Nígbà tí àwọn ọkùnrin méjèèjì wọnú yàrá Tasker, ó mú un, ó fi í há àárín ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì inú àpò rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ yẹ àpò náà wò, ó rí bébà dúdú náà.

"Màmá, èyí á ba àpò yín jẹ́ o," ni ẹ̀ṣọ́ náà wí, ó sì dá a padà fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú, Lowell jẹ adìyẹ sísun àti ọ̀dùnkún gígún lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ páì náà dé ìdajì. Ó ń sọ̀rọ̀ ẹni tó fò lọ́jọ́ Ẹtì, ojú rẹ̀ ń dán. Verna jẹ́ kó yó ná. Lẹ́yìn náà ló tú ìwé orin, ó yọ kábọ́ọ̀nù.

"Wá sí fèrèsé. O ní kí n sọ tẹnu mi. Tẹnu mi rèé."

Lowell gbé e síwájú oòrùn, ó kà á. Ó tún un kà. Ìka rẹ̀ ti dúdú.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ọ̀gá mi."

"Ṣé ó ṣì wà nínú fáìlì?"

"Wọ́n ti máa jó o. Òmíràn ló wà níbẹ̀ báyìí, tó ní ewu ò tó nǹkan."

"Ta ló tẹ òmíràn yẹn?"

Verna fi ìka han án ní ìsàlẹ̀ kábọ́ọ̀nù, níbi tí lẹ́tà kékeré méjì wà. Lowell ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dárúkọ rẹ, ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ìdí tí wọ́n ń kà, irọ́ ni, Lowell. Wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó wá ìdí. Má fọwọ́ sí i."

Lowell yọ fọ́ọ̀mù náà nínú ẹ̀wù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ojú atẹ̀wé kì í kọ́kọ́ lọ síbi orúkọ. Ọjọ́ ni Verna kọ́kọ́ rí. Ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún.

"O ti fọwọ́ sí i láti Ọjọ́rú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"O kọ̀wé sí mi pé tí mo bá ní kó o má ṣe é..."

"Mo mọ ohun tí mo kọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ní kí n lọ ni."

Verna ti fura sí Tasker, ó ti fura sí Corliss, ó ti fura sí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò fura sí ẹni tó ń jẹ páì òun.

"Ìwọ náà," ló wí. "Ìwọ náà pinnu tán, o wá ń wá ìdí kiri. Ó dáa. Kí ni ìdí tìẹ? Má ka márùn-ún fún mi."

Lowell wo òde, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú. "Mi ò tíì rí i. Mo rò pé ẹ máa bá mi rí i."

Ó dun Verna débi pé kò lè sunkún. Lowell nu ọwọ́, ó ní lọ́la ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù náà, ó ṣẹ́ ku ìlà kan, wọn ò sì gba kí èèyàn fọwọ́ kọ ọ́, àfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìlà ẹni tí wọ́n máa sọ fún ni, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Verna gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé wá sórí tábìlì, láàárín àwo. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó tẹ òpópónà rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kò ṣe àṣìṣe. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tẹ *vs*, ó sì fi ọjọ́ sí i: ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún.

"Àǹtí, ṣé wọn ò ní bínú sí ìyẹn?"

"Kí wọ́n bínú."

Ó fa ìwé náà yọ, ó fún un. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ẹnì kan ń wá ẹni tó máa fóònù sí, á rí i níbẹ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni obìnrin náà tẹ orúkọ rẹ̀, àti pé láti Ọjọ́rú tó fọwọ́ sí i ni ọmọ náà ti lọ.